Ọ̀nà kan ò wọ ọjà: Bí àròpọ̀ ṣe ń ṣe iṣẹ́ àyọkúrò nídìí àtẹ Bàrígà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ ìṣirò mu ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ, pàápàá ìṣirò àyọkúrò, ìyẹn kí á yọ iye kan kúrò nínú òmíràn. Nílé ìwé, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ọmọ mọ̀ tí wọ́n ń gbà yọ nọ́ńbà kúrò: kí wọ́n kọ èyí tó tóbi sókè, kí wọ́n kọ èyí tó kéré sísàlẹ̀, kí wọ́n máa yọ ọ́ láti apá ọ̀tún lọ sí apá òsì, bí ti òkè kò bá sì tó, kí wọ́n lọ yá ọ̀kan wá lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyá aláta bá ń ka ṣéńjì sọ́wọ́ oníbàárà lọ́jà Bàrígà, ọ̀nà mìíràn ló sábà máa ń gbà. Kò yọ ohunkóhun kúrò nínú ohunkóhun. Àròpọ̀ ló ń ṣe, síbẹ̀ ìdáhùn àyọkúrò ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀, kò sì lo bírò, bẹ́ẹ̀ ni kò lo ìwé.

Bàrígà jẹ́ àdúgbò tí ìwé àti ọjà jọ ń gbé. Ibẹ̀ ni CMS Grammar School wà lónìí, ilé ẹ̀kọ́ girama tó pẹ́ jù lọ ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní erékùṣù Èkó lọ́jọ́ kẹfà, oṣù kẹfà, ọdún 1859, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà péré. Àlùfáà Thomas Babington Macaulay, bàbá Herbert Macaulay, ni ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ níbẹ̀. Akọka, níbi tí Yunifásítì Èkó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1962 wà, kò ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ sí Bàrígà. Láàárín àwọn ọgbà ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ni àwọn aláta, oníṣu, alẹ́ja, onígaàrí àti àwọn kọ̀ńdọ́ tó ń pe èrò sínú dánfó ti ń ṣe ìṣirò láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ìṣirò méjì ló wà ládùúgbò náà, ti pátákó àti ti ọjà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pàdé lójú ọ̀nà, àmọ́ wọn kì í sábà kí ara wọn.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí tó sọ ni pé àwọn kan ń pàdánù nídìí rẹ̀. Ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ tajà nírọ̀lẹ́, tí kò ṣi ṣéńjì fún rí, lè jókòó ní kíláàsì láàárọ̀ ọjọ́ kejì kó gba òdo nínú iṣẹ́ àyọkúrò, kí wọ́n sì máa pè é ní olódo. Ìyá tó ti fi ogún ọdún ṣòwò láìṣe àṣìṣe lè gbà tọkàntọkàn pé òun kò mọ ìṣirò, torí pé òun kò kàwé. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni ẹni tó kàwé dáadáa lè bọ́ nínú ọkọ̀ láìmọ̀ pé ṣéńjì òun kò pé, nítorí pé kò sí bírò lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi yá ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ká sọ pé oníbàárà kan ra ata, tòmátì àti àlùbọ́sà tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,350 náírà, ó sì mú 2,000 náírà kalẹ̀. Ìyá aláta kò ní ronú lórí 2,000 rárá. Orí iye ọjà ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Yóò fi 50 náírà sọ́wọ́ oníbàárà, yóò ní: "Ó di 1,400." Yóò fi 100 náírà lé e, yóò ní: "Ó di 1,500." Yóò wá fi 500 náírà lé e, yóò ní: "Ó pé 2,000." Ó parí. Owó tó wà lọ́wọ́ oníbàárà báyìí ni 50 àti 100 àti 500, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 650 náírà. Iye náà gan-an ni èèyàn yóò rí bó bá yọ 1,350 kúrò nínú 2,000.

Ẹ wá wo ohun tí ọmọ ilé ìwé yóò la kọjá kó tó dé ibì kan náà. Yóò kọ 2,000 sókè, yóò kọ 1,350 sísàlẹ̀. Ní òpó ẹyọ, òdo kúrò nínú òdo, ó ku òdo, ìyẹn rọrùn. Ní òpó ẹ̀wá, márùn-ún kúrò nínú òdo, kò ṣe é ṣe, ó ní láti lọ yá. Ó dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò, òdo ló bá níbẹ̀, òun náà kò ní. Ó ní láti kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ̀rún méjì, kó yá ẹgbẹ̀rún kan níbẹ̀, kó sọ ọ́ di ọgọ́rùn-ún mẹ́wàá, kó tún mú ọ̀kan nínú rẹ̀, kó sọ ìyẹn náà di ẹ̀wá mẹ́wàá, kó tó lè yọ márùn-ún. Bó bá gbàgbé pé ẹ̀wá ọgọ́rùn-ún ti di mẹ́sàn-án, ó ti ṣìnà nìyẹn.

Àwọn ọmọ mìíràn kì í tiẹ̀ yá rárá. Bí wọ́n bá rí òdo lókè, tí wọ́n rí márùn-ún nísàlẹ̀, wọn yóò kàn yí i padà, wọn yóò yọ kékeré kúrò nínú ńlá níbikíbi tí wọ́n bá ti bá a pàdé. Ní ọdún 1978, John Seely Brown àti Richard Burton, àwọn onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà méjì, gbé ìwádìí kan jáde nípa irú àṣìṣe báyìí, wọ́n sì fi hàn pé ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń kùnà kì í ṣe aláìbìkítà; òfin ni wọ́n ń tẹ̀ lé, àmọ́ òfin tí kò tọ̀nà ni. Bí ọmọ bá tẹ̀ lé irú òfin bẹ́ẹ̀ nínú àpẹẹrẹ wa yìí, yóò ní òdo kúrò nínú òdo, òdo. Òdo kúrò nínú márùn-ún, márùn-ún. Òdo kúrò nínú mẹ́ta, mẹ́ta. Ọ̀kan kúrò nínú méjì, ọ̀kan. Ìdáhùn rẹ̀ yóò jẹ́ 1,350. Ìyẹn ni pé ẹni tó mú 2,000 wá, tó sì ra ọjà 1,350, yóò tún gba 1,350 padà! Lórí ìwé, àṣìṣe náà kò ní bá ọmọ náà lójijì. Lọ́jà, kò sí ọmọ ọlọ́jà tí yóò ṣe é, nítorí yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òun ti ta òun tán.

Kí ló dé tí àròpọ̀ fi lè ṣe iṣẹ́ àyọkúrò? Ìdí rẹ̀ ni pé ìtumọ̀ méjì ni àyọkúrò ní. Èkíní ni mímú kúrò: ẹni tó ní ọsàn mẹ́jọ, tó jẹ mẹ́ta, ó ku márùn-ún. Èkejì ni àlàfo tó wà láàárín iye méjì: ẹni tó ní ọsàn mẹ́ta, tó fẹ́ kó pé mẹ́jọ, mélòó ló kù kó wá? Márùn-ún náà ni. Ó dà bí ìdíkọ̀ tó wà lójú ọ̀nà. Ẹni tó wà ní ìdíkọ̀ kẹta, tó ń lọ sí ìkẹjọ, ìdíkọ̀ márùn-ún ni yóò rìn. Ẹni tó wà ní ìkẹjọ, tó ń padà bọ̀ sí ìkẹta, ìdíkọ̀ márùn-ún náà ni. Ọ̀nà kì í gùn sí i nítorí pé èèyàn gba iwájú tàbí ẹ̀yìn. Ilé ìwé sábà máa ń kọ́ ọmọ láti máa rìn padà sẹ́yìn. Ọjà ń kọ́ wọn láti máa rìn síwájú. Rírìn síwájú sì rọrùn fún ọ̀pọ̀ èèyàn, torí pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe kọ́ bí a ṣe ń kà láti kékeré.

Ohun tó jọni lójú jù níbẹ̀ ni pé èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà sílẹ̀. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ nọ́ńbà kan ń sọ iye tí a ti ní. Nínú èdè Yorùbá, ìdajì nọ́ńbà ló ń sọ iye tó kù kó pé. Ẹni tó bá pe 37 ní mẹ́tàdínlógójì ti sọ ọ́ tán pé mẹ́ta ló kù kó di ogójì. Láti ẹyọ kan dé mẹ́rin lórí ẹ̀wá, "lé" là ń lò: mọ́kànlélọ́gbọ̀n, méjìlélọ́gbọ̀n, títí dé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Bó bá ti di márùn-ún sókè, "dín" ló kàn: márùndínlógójì, mẹ́rìndínlógójì, mẹ́tàdínlógójì, méjìdínlógójì, mọ́kàndínlógójì. Àwọn ẹ̀wá kan náà sì ní irú àṣírí yìí nínú. Àádọ́ta ni ọgọ́ta tó dín mẹ́wàá, àádọ́rin ni ọgọ́rin tó dín mẹ́wàá, àádọ́rùn-ún ni ọgọ́rùn-ún tó dín mẹ́wàá.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ẹ jẹ́ ká wá ṣéńjì ẹni tó mú 100 náírà wá láti ra ohun tó jẹ́ 65 náírà. Márùndínláàádọ́rin ni 65 ń jẹ́. Orúkọ rẹ̀ ní kí á fi márùn-ún sí i, ó di àádọ́rin. Orúkọ àádọ́rin náà ní kí á fi mẹ́wàá sí i, ó di ọgọ́rin. Ọgọ́rin jẹ́ ogún mẹ́rin, ọgọ́rùn-ún jẹ́ ogún márùn-ún, nítorí náà ó ku ogún kan. Márùn-ún, mẹ́wàá àti ogún jẹ́ márùndínlógójì. Ṣéńjì náà ni 35 náírà. Orúkọ nọ́ńbà nìkan la tẹ̀ lé, a kò sì yá ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bákan náà ni nínú owó ńlá. Àwọn àgbà tó mọ òǹkà dáadáa lè pe 1,350 ní ẹgbèje ó dín àádọ́ta. Ẹgbèje ni igba méje, ìyẹn 1,400. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ìyá aláta ṣe fi 50 náírà kọ́kọ́ sọ́wọ́ oníbàárà nínú àpẹẹrẹ wa ìṣáájú, ohun tí òǹkà Yorùbá ní kó ṣe gan-an ló ṣe. Láti igba méje dé igba mẹ́wàá, tí í ṣe ẹgbàá, igba mẹ́ta ló kù, èyí tí í ṣe 600. Àádọ́ta àti ẹgbẹ̀ta, ó di 650. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, tí í ṣe 500, náà jẹ́ ẹgbẹ̀ta tó dín ọgọ́rùn-ún, nígbà tí 5,000, ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta, jẹ́ ẹgbàáta tó dín ẹgbẹ̀rún.

Òǹkà yìí kò ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1887, Adolphus Mann, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ìjọ CMS tó ti gbé ní Ìjàyè, kọ àpilẹ̀kọ kan nípa òǹkà Yorùbá sínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀ ẹ̀dá ènìyàn ní ìlú London. Ohun tó tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí orísun òǹkà náà ni kíka owó ẹyọ. Ẹni tó ń kà á yóò kúnlẹ̀ ti òkìtì owó, yóò máa fa márùn-ún-márùn-ún jáde títí yóò fi pé ogún. Ogún márùn-ún yóò di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì yóò di igba. Láyé ìgbà náà, ogójì owó ẹyọ ni okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Ẹni tó ń kó nǹkan jọ lójú òkìtì bẹ́ẹ̀ kò ní máa bi ara rẹ̀ pé mélòó ni òun ti mú kúrò. Ìbéèrè tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé mélòó ló kù kó pé. Ìbéèrè yìí kan náà ló ṣì wà nídìí àtẹ Bàrígà lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bébà ni owó, tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì pe iye rẹ̀.

Ewu kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí èèyàn ṣọ́ra fún. Bí Yorùbá bá ń ka ọjọ́, ọjọ́ tí wọ́n wà nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọjà tó ń ná lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin fi ń jẹ́ ọjà ọrọọrún, tí ẹgbẹ́ onítàdógún sì ń pàdé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìndínlógún gan-an. Òǹkà ọjọ́ nìyẹn, ó sì tọ́ fún ọjọ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá fi ìka ka àlàfo tó wà láàárín mẹ́ta àti mẹ́jọ, tó bẹ̀rẹ̀ láti orí mẹ́ta fúnra rẹ̀, mẹ́fà ni yóò rí dípò márùn-ún. Nínú ṣéńjì, ìṣísẹ̀ là ń kà, kì í ṣe ibi tí a dúró sí. Iye ọjà jẹ́ ibi tí a ti gbéra. A kì í kà á mọ́ ṣéńjì.

Kì í ṣe Bàrígà nìkan ni àlàfo wà láàárín ìṣirò ọjà àti ìṣirò pátákó. Ní ọdún 1985, Terezinha Carraher, David Carraher àti Analúcia Schliemann gbé àbájáde ìwádìí kan jáde láti ìlú Recife ní orílẹ̀-èdè Brazil. Ọmọ márùn-ún tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 9 sí 15 ni wọ́n bá ṣe é, gbogbo wọn sì ń kiri ọjà tàbí ń bá òbí wọn tajà. Àwọn olùwádìí náà kọ́kọ́ lọ bá wọn bí oníbàárà, wọ́n ń ra àgbọn àti àwọn nǹkan mìíràn, wọ́n ń béèrè iye rẹ̀, wọ́n ń béèrè ṣéńjì. Nínú ìbéèrè 63 tí wọ́n bi wọ́n báyìí, àwọn ọmọ náà gba ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún wọn ní bébà àti pẹ́ńsù, wọ́n sì fi àwọn nọ́ńbà tó bá ti ọjà náà mu dán wọn wò. Níbi tí ìṣirò ti wà nínú ìtàn, wọ́n gba bíi ìdá 74. Níbi tó ti jẹ́ nọ́ńbà lásán lórí ìwé, wọn kò gba tó ìdá 37. Ọpọlọ kan náà ni, ọjọ́ orí kan náà ni. Ọ̀nà tí wọ́n ní kí wọ́n gbà ló yàtọ̀.

Ẹni tó bá ṣì ń rò pé ọgbọ́n aláìkàwé ni kí á fi àròpọ̀ yọ nǹkan kúrò, kó wo inú fóònù ọwọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1642, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Faransé kan tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, Blaise Pascal, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀rọ ìṣirò kan láti fi ran bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ owó orí ní ìlú Rouen. Apá kan ṣoṣo ni àwọn àgbá ẹ̀rọ náà lè yí sí, èyí tó túmọ̀ sí pé àròpọ̀ nìkan ló lè ṣe. Pascal kò torí èyí pa àyọkúrò tì. Ó yí nọ́ńbà tó fẹ́ yọ padà sí iye tó kù kó di kìkì mẹ́sàn-án, ó sì fi ìyẹn ṣe àròpọ̀.

Bí ọgbọ́n náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ká ní a fẹ́ yọ 365 kúrò nínú 832. A ó kọ́kọ́ wo iye tó kù kí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan nínú 365 di mẹ́sàn-án: mẹ́ta ku mẹ́fà, mẹ́fà ku mẹ́ta, márùn-ún ku mẹ́rin. Ó di 634. A ó fi 634 kún 832, yóò jẹ́ 1,466. A ó wá mú ọ̀kan tó wà níwájú kúrò, a ó sì fi ọ̀kan kún ìyókù: 466 yóò di 467. Ìdáhùn náà nìyẹn. Kò sí idán nínú rẹ̀. Iye tó kù kí 365 di 999 ni a fi kún un, ìyẹn sì ti mú kó fi 999 lé ju bó ṣe yẹ lọ. Bí a bá mú ẹgbẹ̀rún kan kúrò, tí a dá ọ̀kan padà, ó dọ́gba. Ẹni tó bá fẹ́ rí i dájú lè fi 467 kún 365, 832 ni yóò bá.

Irú ọgbọ́n yìí ni John von Neumann dábàá fún kọ̀ǹpútà nínú ìwé tó kọ ní ọdún 1945, àfi pé òdo àti ọ̀kan nìkan ni kọ̀ǹpútà ń lò dípò òdo dé mẹ́sàn-án. Bẹ́ẹ̀ sì ni kọ̀ǹpútà àti fóònù òde òní ṣe ń yọ nọ́ńbà kúrò: wọ́n ń yí i padà, wọ́n sì ń rò ó pọ̀. Bí ẹni tó ń fi ẹ̀rọ POS gba owó létí ọ̀nà Bàrígà bá tẹ àmì àyọkúrò lórí fóònù rẹ̀, àròpọ̀ ni fóònù náà ń ṣe nínú ikùn rẹ̀. Ìyá aláta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń fi ẹnu ka ṣéńjì, kò jìnnà sí ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe.

Àǹfààní kan tún wà tí ọ̀nà yìí fi ju ti yíyá lọ: ó ń yẹ ara rẹ̀ wò bó ṣe ń lọ. Ẹni tí wọ́n bá kó 650 náírà lé lọ́wọ́ láìsọ̀rọ̀ ní láti tún ìṣirò náà ṣe fúnra rẹ̀ kó tó mọ̀ bóyá ó pé. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n kà á fún láti 1,350 dé 2,000, òun àti ọlọ́jà ni wọ́n jọ ṣe é, àṣìṣe kò sì lè fara pamọ́. Nínú dánfó, níbi tí àríyànjiyàn ṣéńjì ti pọ̀ jù lọ, ọgbọ́n yìí wúlò gan-an. Ká sọ pé owó ọkọ̀ jẹ́ 350 náírà, tí kọ̀ńdọ́ sì so èrò méjì pọ̀, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn mú 500 náírà wá. Láti 350 dé 400 jẹ́ 50, láti 400 dé 500 jẹ́ 100. 150 náírà ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ gba 300. Bí kọ̀ńdọ́ bá na 200 náírà sí wọn tó sì ní kí wọ́n lọ pín in, wọn yóò ti mọ̀ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ pé 100 ṣì kù. Òfin tó yẹ kí gbogbo èèyàn há sórí kò ju gbólóhùn kan lọ: iye ọjà àti ṣéńjì, bí a bá rò wọ́n pọ̀, gbọ́dọ̀ jẹ́ iye owó tí a mú wá.

Èyí kò wá túmọ̀ sí pé kí á ju ọ̀nà ilé ìwé nù. Bí ẹnì kan bá ní 2,003 náírà, tó ná náírà méje, kò bọ́gbọ́n mu kó máa ka láti méje lọ sókè. Kó rìn padà sẹ́yìn: mẹ́ta kúrò, ó ku 2,000, mẹ́rin kúrò, ó ku 1,996. Ohun tí yóò sọ ọ̀nà tó yẹ ni bí àlàfo ṣe rí. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá sún mọ́ra, tàbí bí èyí tó tóbi bá ní òdo púpọ̀ lẹ́yìn, kí á kà síwájú. Bí èyí tí a fẹ́ yọ bá kéré gan-an, kí á kà padà. Bí nọ́ńbà bá pọ̀ tó sì gùn, bí irú èyí tó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ owó ilé iṣẹ́, òpó àti yíyá ṣì ní iṣẹ́ tiwọn, nítorí bébà kì í gbàgbé. Ẹni tó mọ ọ̀nà méjèèjì ló lè yàn.

Fún òbí tó fẹ́ kọ́ ọmọ rẹ̀, kò sí ohun èlò kankan láti rà. Kó fún ọmọ ní owó gidi, kó ní kó ṣe ọlọ́jà. Kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iye tó sún mọ́ 100, kó tó lọ sí 500 àti 1,000. Kó jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ wá ẹ̀wá tó kàn, lẹ́yìn náà ọgọ́rùn-ún tó kàn, lẹ́yìn náà ẹgbẹ̀rún. Bí àpẹẹrẹ, bí ọjà bá jẹ́ 2,780, tí owó jẹ́ 5,000: 20 náírà, ó di 2,800, 200 náírà, ó di 3,000, 2,000 náírà, ó di 5,000. Ṣéńjì jẹ́ 2,220. Lẹ́yìn tí ọmọ bá ti ṣe é lẹ́nu ni kó wá kọ ọ́ sínú ìwé, kó fi òpó àti yíyá yọ ọ́, kó rí i pé ibì kan náà ni ọ̀nà méjèèjì já sí. Lọ́jọ́ tó bá rí ìyẹn, kò ní ka ìṣirò ilé ìwé sí ohun àjèjì mọ́.

Bí ó bá sì ṣeé ṣe, kó fi Yorùbá kà á. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, títí kan ìṣirò, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀; ní oṣù kọkànlá, ọdún 2025, ìjọba fagi lé ìlànà náà, Gẹ̀ẹ́sì ló sì gba ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìlànà ìjọba kankan tó wọ inú ilé tàbí ìdí àtẹ. Ọmọ tó bá mọ̀ pé 47 ń jẹ́ mẹ́tàdínláàádọ́ta ti mọ̀ pé mẹ́ta ló kù kó pé àádọ́ta, ìmọ̀ yẹn yóò sì wúlò fún un ní èdè èyíkéyìí tí wọ́n bá fi ṣe ìdánwò fún un.

Àwọn olùkọ́ náà ní ipa tiwọn láti kó. Bí ọmọ bá dáhùn ìbéèrè àyọkúrò, tí ìdáhùn rẹ̀ tọ̀nà, àmọ́ tí kò sí àmì yíyá nínú iṣẹ́ rẹ̀, kó tó di pé wọ́n fagi lé e, kí wọ́n kọ́kọ́ bi í léèrè bó ṣe rí i. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó kà á bí ìyá rẹ̀ ṣe ń ka ṣéńjì, ọ̀nà náà sì tọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ní láti wẹ òsì, kí òsì wẹ ọ̀tún, kí ọwọ́ tó lè mọ́. Bí pátákó bá jókòó ti àtẹ, tí àtẹ sì jókòó ti pátákó, ọ̀pọ̀ ọmọ Bàrígà tí wọ́n ń pè ní olódo lónìí ni wọn yóò rí i pé ìṣirò tí wọ́n ń bẹ̀rù nílé ìwé kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ti ń ṣe lọ́jà tipẹ́tipẹ́.